Tẹ́nọ̀ Tó Sọnù Nínú "Elekahia"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé, "Mummy, iṣẹ́ wo ni ká yàn?" ẹ fìdí balẹ̀. Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ yan dùùrù. Dùùrù kì í sọni di olówó, kì í sì í jẹ́ kéèyàn tètè jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó máa ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀: wàá jókòó síbì kan, ọkàn rẹ á sì ti rìn jìnnà. Bí mo ti ń kọ èyí, ìka méjì lọ́wọ́ òsì mi ò ká mọ́, mo sì ti fi àga sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Síbẹ̀, bí òjò bá ti ń rọ̀ sórí páànù, àwọn ìka yẹn á máa wá eyín dùùrù kiri lórí itan mi.

Ọdún 1999 ni iṣẹ́ ọkọ mi gbé wa láti Iléṣà wá sí Port Harcourt. A gba ilé sí Rumuodara, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, mo wá ìjọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá lọ sí ọ̀nà Elekahia. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo gbọ́ dùùrù. Kì í ṣe oníná. Ti àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti àgbàlagbà tó ń kùn lójú oorun. Mo dúró sínú oòrùn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mi ò wọlé títí orin fi parí. Lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá tó tẹ̀ ẹ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́ mi." Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó oṣù, ẹ má bi mí.

Bàbá Mákindé ni ọ̀gá mi. Ará Abẹ́òkúta ni wọ́n, wọ́n ti bá iṣẹ́ reluwé dé Port Harcourt kí a tó bí mi. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì le. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mi ò fi ọwọ́ kan eyín dùùrù. Àwa méjèèjì á jókòó sórí àga kan, èmi á máa tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀, ọwọ́ tiwọn á máa ṣiṣẹ́ lókè. Bí mo bá yára jù, wọ́n á fi bírò gbá mi lórúnkún.

"Rẹ́ní, ẹsẹ̀ rẹ ń bínú. Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, sà."

"Ó dáa, sọ fún un kó rọra. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run là ń lọ, kì í ṣe ọjà Mile One."

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo tẹ pẹ́dà títí ó fi di pé mo ń tẹ̀ ẹ́ lójú oorun, tí ọkọ mi ń bẹ̀ mí pé kí n má ta òun nípàá mọ́.

Ọ̀nà tí Bàbá gbà ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Wọn kì í fún ẹnikẹ́ni níwèé. Ìwé, wọ́n ní, ló ń sọ etí di ọ̀lẹ. Wọ́n á pe àwọn sópránò lọ́jọ́ tiwọn, áltò lọ́jọ́ tiwọn, báàsì àti tẹ́nọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, wọ́n á sì fi ẹnu kọ́ wọn títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ kọ́ ohùn ẹnìkejì. "Bí tẹ́nọ̀ bá mọ ọ̀nà ilé sópránò," Bàbá á ní, "ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun." Ọjọ́bọ̀ nìkan ni gbogbo wọn máa ń pàdé. Ara mi á bù máṣọ nígbà tí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kọ́kọ́ pàdé, tí ojú àwọn akọrin fúnra wọn ń yà wọ́n pé báyìí ni ohun tí àwọn ń gbé kiri láti ọjọ́ Ajé ṣe rí.

Àwọn tẹ́nọ̀ máa ń dúró ti ògiri apá òsì, níbi tí dùùrù wà, nítorí pé tẹ́nọ̀ ni Bàbá fúnra wọn, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Lẹ́yìn ògiri yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Alhaji Ràfíù wà, aránṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Alhaji àti Bàbá jọ ń ṣàwàdà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà.

"Alhaji, ẹ̀rọ yín ń da orin wa rú!"

"Bàbá, orin yín náà ń da aṣọ mi rú. Ní Thursday tó kọjá, mo ran apá ọ̀tún mọ́ apá òsì. The customer wan beat me!"

Ibì kan ṣoṣo ni ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà pa pọ̀, ìyẹn ìwé Bàbá. Ìwé tó nípọn ni, wọ́n fi aṣọ pupa dì í, do re mi ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bírò dúdú. Àwọn ohùn orin tí Bàbá ṣe láti ìgbà èwe wọn ló wà níbẹ̀. Òyìnbó ará Wales kan, tó jẹ́ atẹdùùrù nílùú rẹ̀ kó tó wá bá reluwé ṣiṣẹ́, ló kọ́ Bàbá. Òun ló sọ fún wọn pé nílùú tòun, ohùn orin kì í jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe é. Orúkọ ibi tó ti bá olúwarẹ̀ ló ń jẹ́: abúlé kan, tàbí odò, tàbí òkè. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣí ìwé Bàbá, ẹ ó rí "Old GRA," ẹ ó rí "Ojú Irin," ẹ ó sì rí "Elekahia."

Bàbá tún ní àdánwò kan. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá ti kọ ohùn orin tuntun, Bàbá á dúró oṣù mẹ́ta. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ níta lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe akọrin, wọ́n á ya ojú ìwé náà. "Ohùn tí kò lè dá jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì kò lẹ́sẹ̀," wọ́n á ní. Ohùn àkọ́kọ́ tí mo ṣe, "Rumuodara," wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo rẹjú lẹ́bàá fèrèsé, tí ọmọ sùn lé mi láyà, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kọ́tìnnì. Mi ò ṣe é, ńṣe ló dé. Inú mi dùn púpọ̀ sí i. Oṣù mẹ́ta pé, ẹnikẹ́ni ò kùn ún, Bàbá sì fà á ya lójú mi. Mo sunkún dé ilé. Èkejì la gbọ́ lẹ́nu ìyá kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì àti ẹja. Mo ra bọ̀ọ̀lì tí ìdílé mi ò lè jẹ tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti "Elekahia" fún yín, torí òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Kí n tó dé ìlú yìí ni Bàbá ti ṣe é, ní fàráńdà ilé wọn ní Elekahia, lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan tí Màmá Mákindé ìyàwó wọn ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Bàbá kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí láyé wọn. Orin yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n ní fún Màmá pé, "Bí o bá ń wá mi nínú orin yìí, inú tẹ́nọ̀ ni mo wà." Tẹ́nọ̀ rẹ̀ náà kì í ṣe bíi ti tẹ́nọ̀ yòókù. Ní ìlà kẹta, níbi tó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́, á dìde, á gòkè kọjá áltò, á wo òde bí ẹni yọjú lójú fèrèsé, á tún padà wọlé. Màmá máa ń di ojú wọn bí ó bá débẹ̀.

Nígbà tí Bàbá ń lọ, wọ́n fa ìwé pupa lé mi lọ́wọ́ lórí ibùsùn. "Màmá rẹ ti sọ pé orin òun lòun fẹ́ gbọ́ kóun tó wá bá mi. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o, Rẹ́ní." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà." Mo sin ọ̀gá mi, mo sì jókòó sórí àga wọn.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ mi. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò, òjò Port Harcourt kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo wá ibi gbígbẹ títí, mo rò pé kò sí ibi tó gbẹ tó inú dùùrù. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ìwé bọ ibẹ̀, mo sì ń mú un jáde lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ lò ó. Kò sẹ́ni tí mo sọ fún. Lọ́dún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá mi kú ní Iléṣà, mo lọ sin ín, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo dé, kíbọ́ọ̀dù dúdú tuntun ti wà níwájú pẹpẹ pẹ̀lú ọ̀rá púláásítíìkì lára rẹ̀, gbogbo ìjọ sì ń yọ̀ fún mi. Mo ní, dùùrù ńkọ́? Wọ́n ní káfíńtà kan ti bá àwọn palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Mo sáré. Mo bá káfíńtà náà lẹ́nu iṣẹ́.

"Madam, that wood strong o! I don use am do cage for fowl."

"Ìwé tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? The book?"

"Which book? That one wey dem write do-do-re-re? My people don take am light fire roast corn."

Mo wo inú ọgbà rẹ̀. Adìyẹ kan ń sùn sórí pákó tí mo ti máa ń gbé orúnkún sí, ó ṣí ojú kan wò mí, ó tún un dì. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ nínú èérún igi.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Màmá Mákindé bi mí pé, "Rẹ́ní, ìwé ọkọ mi ńkọ́?" Mo ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi, Màmá." Irọ́ tí mo pa nìyẹn, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ síbí. Mo ń pa á lọ lọ́dọọdún.

Ọdún ń yí. Kíbọ́ọ̀dù náà ní bọ́tìnnì tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀, òmíràn tó ń gbé orin sókè fún ẹni tí ohùn rẹ̀ ò tó. Àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ ohùn mẹ́rin mọ́, gbogbo wọn ń kọ ohùn kan náà pẹ̀lú gbohùngbohùn. Mi ò bá wọn jà. Mo kọ́ láti lò ó, mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí eruku dúdú tí wọ́n ń pè ní soot bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí ìlú wa, mo máa ń nu eyín funfun kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti dúdú kó tó parí. Mo ṣe ọ̀pọ̀ ohùn orin tèmi, mo fa ọ̀pọ̀ ya. Ṣùgbọ́n "Elekahia" ò dún mọ́.

Lọ́jọ́ kan Màmá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, wọ́n jókòó sí fàráńdà yẹn náà. Wọ́n ní, "Rẹ́ní, mo fẹ́ gbọ́ orin mi. Má jẹ́ kó pẹ́."

Sópránò ò ṣòro, òun ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹ ó bi mí pé, ìwọ atẹdùùrù, ṣé o ò há ìyókù sórí ni? Mi ò há a. Àwọn akọrin tí kò níwèé ló há tiwọn sórí. Èmi tí mo níwèé ni mo ń wojú ìwé, orin gba ojú mi kọjá sí ìka, kò dúró nínú mi. Bàbá ti sọ ọ́.

Mo wá Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú, báàsì wa àtijọ́, rí ní Òṣogbo. Ó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀, kò ṣì í níbì kan. Áltò ni Sister Comfort, ọmọ Ikwerre tó fẹ́ Yorùbá, tó ń gbé ní Rumuodara nítòsí ilé mi. Ọjọ́ ogbó ti gba orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Who you be?" Mo rọra bẹ̀rẹ̀ sópránò. Ó gbé orí sókè, ó sì fi áltò sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní, "Who you be?" Mo dì mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kò sí tẹ́nọ̀. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n. Mẹ́ta ti sùn nínú Olúwa. Ẹ̀kẹrin wà ní Amẹ́ríkà, ó kọ nǹkan kan fún mi tó jẹ́ sópránò nísàlẹ̀ lásán. Ibẹ̀ ni mo ti tún ṣe òmùgọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo jókòó, mo ṣe tẹ́nọ̀ fúnra mi, ó dára, mo tilẹ̀ gbé e gòkè ní ìlà kẹta. Mo kó àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin lọ sí fàráńdà Màmá, wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Màmá di ojú wọn. Nígbà tó dé ìlà kẹta, wọ́n là á.

"Ta ló ṣe tẹ́nọ̀ yìí?"

Mo ń tún gèlè mi dì.

"Mo ní ta ló ṣe é? Kì í ṣe ọkọ mi nìyí."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo sọ gbogbo rẹ̀: dùùrù, káfíńtà, adìyẹ, àgbàdo. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ẹnu kùn ún fún mi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá mi orí.

"Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìró ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Ṣé èèyàn lè fẹnu sín ìró ẹsẹ̀ ọkọ ẹni jẹ?" Wọ́n yíjú sí mi. "Gbogbo ọdún yìí ni o ń sọ fún mi pé ìwé wà lọ́wọ́ rẹ. Dìde. Má pè mí ní Màmá mọ́ títí wàá fi rí i. Ọmọ mi kì í parọ́ fún mi."

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń kí wọn ní "Ẹ káàsán, mà," bí ẹni tó ń kí ìyá onílé. Wọ́n á dá mi lóhùn, wọ́n á sì wo ibòmíràn. Kò sí ìyà tí ayé fi jẹ mí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ìka mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í le nígbà náà, ìjọ sì ń múra láti bá mi dúpẹ́ kí n fẹ̀yìn tì. Mo gbé aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ bá Alhaji Ràfíù pé kí wọ́n bá mi dín ìbàdí rẹ̀ kù. Irùngbọ̀n wọn ti funfun, ẹ̀rọ yẹn náà ni wọ́n ṣì ń wà. Mo jókòó sórí àpótí, oòrùn ọ̀sán ń wọlé, ẹsẹ̀ wọn ń lọ, ó ń bọ̀, oorun ń gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé mo wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, tí mo ń tẹ pẹ́dà. Mo gbọ́ tí Bàbá ń kọ tẹ́nọ̀. Ó dé ìlà kẹta, ó dìde, ó yọjú, ó padà wọlé.

Mo la ojú. Alhaji ló ń kùn.

"Alhaji! Kí lẹ ń kọ?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò kọ nǹkan kan o. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe."

"Ẹ ń kùn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i."

Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Wọ́n gbìyànjú títí. "Ó ti lọ," wọ́n ní. "Àbí àwọn ọkùnrin yín ìgbà yẹn ni? Tó máa ń dúró ti ògiri mi? Ohùn bàbá yẹn ló máa ń pọ̀ jù nínú wọn, wọn kì í jẹ́ kí n gbọ́ ti ẹlòmíì. Ọdún mélòó! E don enter my leg."

Mo ní, "Inú ẹsẹ̀ yín ló wà, sà? Ẹ máa ránṣọ nígbà náà."

Wọ́n mú àkísà kan, wọ́n ń ran ojú kan lọ gbọọrọ, kò sí ohun tí aṣọ náà wà fún. Nígbà tí ẹsẹ̀ mú ìrìn rẹ̀ àtijọ́, orin dé. Mo gba ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ, mo ń kọ do re mi sórí pépà tí wọ́n fi ń gé ìbàdí, omijé ń bọ́ sí i, mo ń nù ún. Ìgbà mọ́kànlá ni Alhaji ran àkísà yẹn.

"Ṣùgbọ́n ìyá," wọ́n ní nígbà tó parí, "ẹ má sọ ọ́ fún lèmọ́mù wa o."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí Alhaji kírun tán, a lọ sí Elekahia. Sister Comfort jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé fóònù tí Ìdòwú wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Alhaji jókòó sórí àga onígi, wọ́n tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Màmá wò wọ́n látòkè délẹ̀.

"Ta lẹ̀yin?"

"Aránṣọ ni mí, ìyá."

Màmá di ojú wọn. A bẹ̀rẹ̀, èmi ń kọ sópránò. Alhaji ò kọ ọ̀rọ̀ kankan, kíkùn ni wọ́n ń kùn ún, ẹsẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ìdòwú wúkọ́ nínú fóònù. Ìlà kẹta dé, tẹ́nọ̀ dìde kúrò láàárín wa, ó gòkè, ó wo òde. Màmá ò la ojú. Ọwọ́ wọn ń lọ lórí itan wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí kò sí níbẹ̀.

Orin parí. Màmá ní, "Rẹ́ní."

"Mà."

"Kí lò ń pè mí?"

Mo ní, "Màmá."

"Ó dáa, ọmọ mi. Ẹ tún un kọ."